Ẹni Tó Ń Ka Èéfín

Dókítà ò fa ọ̀rọ̀ gùn lórí fóònù. Ó ní ọ̀fun ọkùnrin tó jóná náà mọ́ tónítóní, kò sí èéfín kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, nǹkan tó wúwo ló fọ́ orí rẹ̀ látẹ̀yìn kí iná tó kàn án. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ti di èédú, mo di fóònù mú. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka èéfín orílẹ̀-èdè yìí kò fa ẹyọ kan sínú lọ́jọ́ tó kú. Òkú ni wọ́n dáná sun.

"Sájẹ́ǹtì," mo ní, "wọ́n pa á kí wọ́n tó sun ún."

Sájẹ́ǹtì wo ọkọ̀ náà, ó wò mí. Ó ti ń ka ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì fẹ́ ohun tó máa dí i lọ́wọ́. "Màdáámù, Ọ̀gá ti ní ìjàm̀bá ni. Obìnrin tó ń fi wáyà sí bọ́ọ̀sì ti wà ní àtìmọ́lé. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìjàm̀bá ló gbé irin fọ́ ọ lórí?"

Ọkùnrin kan ń bọ̀ pẹ̀lú rọ́bà omi, ó fẹ́ fọ ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ ti jó. Mo jágbe mọ́ ọn débi pé ó ju rọ́bà náà sílẹ̀, omi sì ń ṣàn sí bàtà rẹ̀.

Gáréèjì bọ́ọ̀sì oníbátìrì ni ibẹ̀. Ogójì bọ́ọ̀sì funfun tò ní ìlà mẹ́rin, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé KÒ SÍ ÈÉFÍN NÍBÍ. Iwájú àkọlé yẹn gan-an ni ọkọ̀ kékeré Bàbá Èéfín ti jó. Bàbá Èéfín ni gbogbo ayé ń pe olóògbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti iléeṣẹ́ dé iléeṣẹ́, kó wọn èéfín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú sáfẹ́fẹ́, kó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́dọọdún kí ìjọba lè mọ iye tí gbogbo ìlú ń rú. Lọ́la, mínísítà fẹ́ dúró níwájú ayé kó sọ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ oníbátìrì ti dé, èéfín wa ti fi ìdá kan nínú márùn-ún dín. Bàbá Èéfín ló yẹ kó fọwọ́ sí ìwé náà. Kò tíì fọwọ́ sí i tó fi kú.

Máníjà gáréèjì jáde wá pẹ̀lú kóòtù àti lọ́fínńdà. Ó kí mi bí ẹni ń kí ìyá ìyàwó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá gan-an. Bàbá yẹn dé ní aago kan ọ̀sán àná. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí ṣájà kẹta, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Nígbà tó di aago méjì ààbọ̀, ṣájà gbaná. Obìnrin yẹn ò so wáyà dáadáa ni."

"Ta ló rí i tó gbaná?"

"Èmi fúnra mi. Mo fẹ́ sáré ṣílẹ̀kùn, àmọ́ iná yẹn pọ̀jù." Ó na rẹ́jísítà sí mi. "Ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀."

Wọ́n ń kọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣájì, ibi tí iná rẹ̀ ti wá, àti ìfọwọ́sí ẹni tó so wáyà. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí iná ti wá: odò. Ìfọwọ́sí kan náà ló tẹ̀ lé e. Ìlà Bàbá Èéfín nìkan ni ìfọwọ́sí ò sí. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ àlejò. Odò.

"Odò?"

"Iná tí wọ́n ń fi omi ìsédò ṣe, màmá. Ó ń gba orí òpó ìjọba wá tààrà. Kò sí ẹyọ èéfín kan nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń yìn wá nìyẹn."

"Ẹ ò ní jẹnẹrétọ̀ níbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí la fẹ́ fi ṣe? Kò sí ẹyọ kan níbí."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lábẹ́ ìdí ọkọ̀ náà, rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè kan ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lọ́ bí òrùka sì yọrí nínú rẹ̀. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Ara ọkọ̀ náà ni. Bọ́ńpà rẹ̀ ló yọ́."

Funfun ni ọkọ̀ Bàbá Èéfín. Ibi tí iná ò dé níwájú rẹ̀ ṣì funfun. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, mo gba rẹ́jísítà, mo sì jáde.

*

"Ìyá Ìbéèrè." Orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn nìyẹn, Ọ̀gá nìkan ló ń pè é sí mi létí. "Mo ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n pa á ni, obìnrin yẹn náà ló pa á. Wọ́n bá pẹ́ńsù bàbá yẹn nínú àpò rẹ̀. Wọ́n sì gbọ́ tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ lọ́sàn-án àná. Aago mẹ́rin òní, kóòtù."

"Tí kì í bá ṣe òun ńkọ́, sà?"

"Mínísítà ń sọ̀rọ̀ lọ́la. Mi ò fẹ́ kí oníròyìn máa bi í léèrè òkú. Aago mẹ́rin."

Ó gé fóònù mọ́ mi létí. Ká ní ife wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti sọ ọ́ mọ́ ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá nígbà yẹn. Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fún mi láti fi gba èèyàn kúrò lẹ́nu ẹ̀wọ̀n, èèyàn náà ò sì tíì gbà kí n gba òun.

Ìyá Wáyà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Obìnrin kúkúrú ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló ń dá tọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àtìmọ́lé, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo gbé pẹ́ńsù náà síwájú rẹ̀ nínú ọ̀rá. Pẹ́ńsù pupa kúkúrú, eyín ti jẹ ìdí rẹ̀.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ilẹ̀ ni mo ti ṣà á, mà."

"Ilẹ̀ ibo?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí ni ìwọ àti bàbá yẹn ń jà lé lórí lọ́sàn-án àná?"

"A ò jà. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"O ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe kí ni?"

"Kó máa lọ sílé ẹ̀." Omijé bọ́. "Màmá, ẹ jẹ́ n máa lọ sẹ́wọ̀n. Tí mo bá lanu, gbogbo dírẹ́bà ibẹ̀ ló máa pàdánù iṣẹ́. Ọwọ́ èmi náà ò sì mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń fọwọ́ sí i."

"O ń fọwọ́ sí kí ni?"

Ó pa ẹnu dé, kò sì là á mọ́. Ẹni tó jẹ̀bi máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti rí wọn, ẹnu wọn kì í dá. Obìnrin yìí ń bo ohun kan mọ́lẹ̀, ohun náà sì ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Bí mo ṣe ń jáde, inú ń bí mi sí ẹni tó so irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn tó wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì pàdé mi ní kọ́rídọ̀, ó ń yọ̀. "Màdáámù, ọ̀ràn ti yanjú! Mo ti mú ọ̀daràn gidi."

Dírẹ́bà àtijọ́ kan ni, Ẹ́ńjìn ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi wa bọ́ọ̀sì elépo kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ti oníbátìrì. Ó ti búra ní gbangba pé òun á dáná sun gáréèjì yẹn. Wọ́n sì rí i lẹ́bàá ibẹ̀ lánàá, ní nǹkan bí aago méjì.

"Ṣé lóòótọ́ lo sọ pé wàá sun ibẹ̀?"

"Mo sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́, mo tún lè sọ ọ́ báyìí."

"Kí lo gbé lọ síbẹ̀ lánàá?"

"Epo dísù."

Sájẹ́ǹtì fò dìde. "Ó ti jẹ́wọ́!"

"Mo jẹ́wọ́ kí ni, bàbá? Iṣẹ́ mi ni! Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni mo ń gbé e lọ fún wọn, dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá mẹ́wàá nínú pikọ́ọ̀pù. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì mi ń rú èéfín, wọ́n gbà á. Wọ́n wá ní kí n máa bá wọn gbé epo." Ó pòṣé. "Mo rò pé gbogbo yín lẹ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lára bí omi gbígbóná. "Bọ́ọ̀sì tí kì í mu epo, kí ló ń fi dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá ṣe?"

"Mi ò débẹ̀ rí. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń já a sí. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá, mo sì máa ń fi kẹ́ẹ̀gì kan ṣe èènì fún wọn. Wọ́n máa ń dà á sínú nǹkan wọn, wọ́n á dá kẹ́ẹ̀gì mi padà lójú ẹsẹ̀."

"Lánàá ńkọ́?"

Ó ronú. "Lánàá wọn ò dá a padà. Máníjà fúnra ẹ̀ ló jáde wá gbà á. Kò gbà á rí. Kò tiẹ̀ dúró kí mi."

"Àwọ̀ wo ni kẹ́ẹ̀gì náà?"

"Yẹ́lò. Mo máa ń lọ́ wáyà bí òrùka sí ọwọ́ ẹ̀, kí n lè mọ tèmi yàtọ̀."

Rọ́bà aláwọ̀ ìyeyè tó yọ́ lábẹ́ ọkọ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Sájẹ́ǹtì mi orí. "Màdáámù, ta ló máa gba eléyìí gbọ́? Ọ̀tá wọn ni. Máníjà á ní Ẹ́ńjìn ló ju kẹ́ẹ̀gì yẹn sábẹ́ ọkọ̀, pé kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, pé irọ́ ló ń pa."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì tún bí mi nínú. Tí n bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu Ẹ́ńjìn nìkan, wọ́n á ti òun náà mọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo nílò ẹ̀rí tí kò ní ìbínú nínú.

"Sájẹ́ǹtì, ta lo tún bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹni gidi. Wẹ́dà kan tó ń jó irin wà ní òdìkejì títì, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí gáréèjì. Àmọ́ kò wúlò, kò rí nǹkan kan. Kò sí níbẹ̀ lánàá."

"Lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ló dé?"

"Ó ní kò síná. Àwọn oníná ń tún ẹ̀rọ adúgbò ṣe, wọ́n mú un lọ láago mọ́kànlá àárọ̀, wọn ò dá a padà títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó lọ sùn nílé ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Sájẹ́ǹtì, ẹni tí o ní kò rí nǹkan kan yẹn, òun ló rí gbogbo ẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Mo pe ọ́fíìsì àwọn oníná. Obìnrin tó gbé fóònù lọ wo ìwé, ó sì padà wá: gbogbo òpópónà yẹn, pẹ̀lú gáréèjì, láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún. Mo ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọn.

*

Ilé olóògbé kò tóbi. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga kan, aṣọ tó wọ̀ sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kí i kú ọ̀rọ̀ èèyàn, ó dáhùn.

"Ìyá wa, wọ́n ní bàbá fi ọkọ̀ wọn sí ṣájà níbẹ̀ lánàá."

Ó gbé ojú sókè bí ẹni pé mo bú olóògbé. "Ọkọ mi? Kó gba iná lọ́wọ́ ẹni tó lọ yẹ̀ wò? Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí, kò mu omi níléeṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń rọ omi sínú ìgò fún un láàárọ̀. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe ní ọ́fíìsì wọn nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá mu omi ilé tó lọ yẹ̀ wò, ẹnu ẹ̀ ti wúwo."

"Bóyá bátìrì ti lọ sílẹ̀."

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ wáyà lára ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ àná. Ó ti kún dẹ́múdẹ́mú."

Ó dìde, ó gbé páálí bàtà kan wá. Aṣọ ìnujú funfun ló kún inú rẹ̀, wọ́n ká a létòlétò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré tí a fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ àti ibi tó ti wá sí. Ó ní níbi gbogbo tí ọkọ òun bá lọ, kó tó yọ ẹ̀rọ kankan, ó máa ń fi aṣọ funfun nu ewé igi tó bá sún mọ́ ògiri ibẹ̀. Ẹ̀rọ lè bà jẹ́, ewé kì í gba rìbá.

"Gáréèjì mẹ́sàn-án ni iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn ní," ó ní. "Ẹ wò ó."

Mo tú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì. Mẹ́rin funfun. Márùn-ún dúdú bí ìdí ìkòkò. Èyí tó dúdú jù, gáréèjì tí mo ti ń bọ̀ ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Kò kórìíra ọkọ̀ oníbátìrì o," obìnrin náà ní, bí ẹni ń bẹ̀ mí. "Òun náà ló ń wà. Ó ní mẹ́rin yẹn dáa, iná odò ni wọ́n ń lò lóòótọ́, èéfín sì dín. Ó ní ọkọ̀ kì í purọ́, kéèyàn ṣáà bi í níbi tó ti ń mu. Márùn-ún tó kù, wọ́n kàn gbé èéfín kúrò lójú títì lọ sẹ́yìn ògiri ni. Ó ní ohun tó dín ò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ, òun ò sì ní fọwọ́ sí i. Ó ní òun á lọ fojú ara òun rí ẹ̀rọ yẹn kí òun tó sọ̀rọ̀."

Kò sọkún. Èmi ni ojú mi ń ta.

*

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì máníjà. Mo mú Ìyá Wáyà dání, mo mú Sájẹ́ǹtì, mo gbé rẹ́jísítà sórí tábìlì.

"Ẹ ṣì dúró lórí ohun tí ẹ sọ, àbí? Ọkọ̀ bàbá ń ṣájì láti aago kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ó wà lákọsílẹ̀."

"Ó ń gba iná títí di méjì ààbọ̀?"

"Títí tó fi jó."

"Iná odò. Kò sì sí jẹnẹrétọ̀ níbí."

"Mo ti sọ fún yín."

Mo tẹ́ ìwé àwọn oníná síwájú rẹ̀, mo fi ìka lé aago náà. "Lánàá, láti mọ́kànlá títí di márùn-ún, kò sí iná lójú títì yìí. Ẹ sọ fún mi, kí ni ọkọ̀ bàbá ń mu?"

Ó ka ìwé náà. Ó tún un kà. Òógùn yọ lójú imú rẹ̀.

"Mo ń dúró," mo ní. "Ọ̀kan nínú irọ́ méjèèjì ló máa kú lónìí. Tí kò bá sí jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ yẹn ò ṣájì, ẹ̀bi wáyà kọ́ ló jó o. Tí ọkọ̀ yẹn bá ṣájì, jẹnẹrétọ̀ wà."

"A... a ní kékeré kan. Ti pàjáwìrì. Mo gbàgbé ẹ̀ ni."

"Ẹ mú mi débẹ̀."

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ò sí nílé."

Mo yíjú sí Ìyá Wáyà. Mo gbé pẹ́ńsù pupa náà sókè nínú ọ̀rá rẹ̀. "Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé jẹnẹrétọ̀ wà. Kò sí àṣírí kankan tí o tún ń bò mọ́. Níbo lo ti ṣa èyí?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Lẹ́yìn bọ́ọ̀sì kẹsàn-án," ó ní. "Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kejì ni mo ti ṣà á."

"Ìwọ!" Máníjà nàka sí i. "Ìwọ lo ń fọwọ́ sí i! Odò, odò, odò, ọwọ́ ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, yàrá náà sì gbọ̀n. "Mo bẹ bàbá yẹn kó máa lọ. Ó ní, 'Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni mo wá bá.' Ẹ̀yin àti ẹ̀ lẹ jọ wọ ẹ̀yìn. Ẹ̀yin nìkan lẹ jáde. Ẹ ní kí n lọ so wáyà bọ́ọ̀sì márùn-ún iwájú, kí n má bojú wẹ̀yìn. Kó tó pẹ́, iná ti sọ. Nígbà tí mo wọ ẹ̀yìn lọ pa jẹnẹrétọ̀, pẹ́ńsù ẹ̀ wà nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Etí ẹ̀ ni kì í kúrò."

A ní kí dírẹ́bà kan sún bọ́ọ̀sì kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn irin wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kùn ún bí ògiri. Sájẹ́ǹtì, tí kò fẹ́ wàhálà, òun ló fi èjìká já a. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó yàrá mi. Ògiri dúdú, igi kan sì wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ dà bíi pé wọ́n rì í sínú ọ̀dà. Dúrọ́ọ̀mù Ẹ́ńjìn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ìdí jẹnẹrétọ̀ kejì nìkan ló mọ́. Ẹnì kan ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Sìpánà ńlá kan wà lórí irin ẹ̀rọ náà, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ọṣẹ ò dé.

Èéfín nìwà, rírú ló ń rú. Mo mú aṣọ ìnujú ara mi, mo fi nu ewé kan, mo sì nà án sí máníjà níwájú.

"Mo fi iná lọ̀ ọ́ ní ọ́fíìsì," ó ní, ohùn rẹ̀ ti já. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí lọ bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. "Mo ní kó fi ọkọ̀ ẹ̀ ṣájì lọ́fẹ̀ẹ́, kó mu omi tútù, ká sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Kò gbà. Ta ni kì í gba ọ̀fẹ́? Ó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ó ní gáréèjì márùn-ún bíi tiwa ni òun mọ̀. Wọ́n á ti ibí pa! Mínísítà..."

"O gbé òkú ẹ̀ sínú ọkọ̀, o da dísù kẹ́ẹ̀gì yẹn sí i, o wá kọ ọ́ sí rẹ́jísítà pé ó ṣájì," mo ní. Mi ò fi ọ̀wọ̀ kún un mọ́. "O ò tiẹ̀ lè rò ó lọ́kàn pé ẹnì kan wà tí wọ́n á fi nǹkan ọ̀fẹ́ lọ̀, tí kò ní gbà á. Ohun tó mú ọ nìyẹn. Sájẹ́ǹtì, fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò títí wọ́n fi mú un jáde.

*

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọ̀gá pè.

"Ẹ tì í mọ́lé jẹ́ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan títí mínísítà á fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, a óò..."

"Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀, sà. Ẹ̀dà kan ti dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ọ̀kan ti dé ọ́fíìsì Bàbá Èéfín. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí ìwé mínísítà."

"Ta ló ní kóo ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá kan tí wọ́n sun lánàá, sà."

Èmi ni mo gé fóònù lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò mọ̀ bóyá n óò níṣẹ́ lọ́la, ìbínú tó wà nínú mi ò sì jẹ́ kí n rò ó.

Mo sọ fún Ìyá Wáyà pé kó máa lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dìde. Ó ní kí n fún òun ní rẹ́jísítà, kí òun tún un kọ.

"Ẹ̀rí ni, o ò lè fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ẹ fún mi ní ìwé funfun, mà. Mo rántí àwọn ọjọ́ tó jẹ́ iná òpó, mo rántí àwọn tó jẹ́ ti ẹ̀yìn."

"Ṣé o mọ̀ pé wọ́n lè fi ohun tí o bá kọ mú ìwọ náà?"

"Mo mọ̀."

Mo fún un. Ó jókòó sí tábìlì mi, ó ń kọ ọ́ lọ́jọ́ lọ́jọ́, odò níbi tó jẹ́ odò, dísù níbi tó jẹ́ dísù. Dísù pọ̀. Ìgbà míì ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, á sì máa kọ lọ.

Ibẹ̀ ni ìyàwó Bàbá Èéfín bá wa, ó wá gba ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn Ìyá Wáyà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi dé ìlà àná. Mo rò pé ó fẹ́ bú u. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ẹ bá mi kọ ti ọkọ̀ ẹ̀ náà," ó ní. "Èyí tó jó. Ó rú èéfín. Ó máa ń sọ pé kò sí èéfín tó kéré jù láti kà."

Ìyá Wáyà gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo kàn mi orí pé kó kọ ọ́.

Ó kọ ọjọ́. Ó kọ aago méjì ààbọ̀. Ó kọ ọkọ̀ àlejò. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí iná ti wá, ó dúró díẹ̀, ó kọ dísù, ó sì fọwọ́ sí i.